Sáńwíìṣì fún Ayẹyẹ Ọmọ Iléèwé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É Tí Kò Fi Ní Di Wàhálà

Bí Àyájọ́ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ìyẹn ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, bá ti ń sún mọ́lé, tàbí tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kìíní bá fẹ́ parí nínú oṣù Kejìlá, ni ìwé máa ń ti ọ̀pọ̀ iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. Wọ́n á ní kí ìyá kan se ìrẹsì wá, kí òmíràn gbé ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò wá, ẹlòmíràn á sì gbọ́ pé sáńwíìṣì ló kan òun. Ẹni tí sáńwíìṣì kàn sábà máa ń rò pé tòun ló rọrùn jù, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ ìkòkò ńlá níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu fara pamọ́ sí. Ìrẹsì gba orí iná kọjá kó tó dé abọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n sáńwíìṣì kì í padà sórí iná mọ́ lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kàn án. Bí wọ́n bá ṣe é ní aago mẹ́fà ìdájí, tí ayẹyẹ sì di ọ̀sán kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lo wákàtí mẹ́fà nínú ooru nìyẹn.

Orúkọ oúnjẹ náà wá láti ara oyè ìlú Sandwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. John Montagu (1718–1792), ẹni kẹrin tó jẹ oyè náà, ni ìtàn sọ pé ó máa ń ní kí wọ́n fi ege búrẹ́dì méjì há ẹran fún òun. Àwọn kan ní ìdí ayò ni kò fẹ́ kúrò, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ló há a mọ́ ìdí tábìlì. Ní ọdún 1762, òǹkọ̀wé Edward Gibbon ti kọ orúkọ náà sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ní Èkó, ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní 1913, ló sọ búrẹ́dì dídín di òwò ńlá láti ọdún 1921. Àwọn tó ń fi ẹ̀wà àgànyìn há búrẹ́dì ní tiwọn kò dúró de ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kankan.

Búrẹ́dì Agége dùn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ó ń fà, ọ̀bẹ kì í sì gé e pẹlẹbẹ. Èyí tí wọ́n ti gé sí ege láti ilé búrẹ́dì ló dára. Kí ẹni tó ń rà á wo ara ọ̀rá rẹ̀ fún nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kó sì wò ó bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní bromate nínú. Èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium bromate yìí máa ń mú búrẹ́dì wú dáadáa, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára ẹranko fi hàn pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Èèwọ̀ ni ní Nàìjíríà, Dora Akunyili sì gbógun tì í gidigidi nígbà tó ń darí NAFDAC láti 2001 sí 2008.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Búrẹ́dì tó bá ní ege 20, bí wọ́n bá yọ ìkángun méjèèjì, yóò ku 18, èyí tó jẹ́ sáńwíìṣì mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí onígun mẹ́ta mẹ́rin, ó di ẹyọ 36. Ẹyọ mẹ́ta tó ọmọ kan tí yóò tún jẹ ìrẹsì, nítorí náà búrẹ́dì kan yóò kárí ọmọ 12. Ọmọ 40 yóò fẹ́ búrẹ́dì mẹ́rin. Ẹyin kan tó sáńwíìṣì kan, agolo sadíìnì kékeré kan sì lè tó mẹ́rin.

Bọ́tà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi pa ojú búrẹ́dì dé etí. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan: òun ni kì í jẹ́ kí omi inú tòmátì àti kùkúńbà rin búrẹ́dì. Kí wọ́n yọ kóró tòmátì dànù. Ewébẹ̀ tí wọn kò ní sè, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Omi iyọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé kì í pa kòkòrò tán. Ẹyin gbọ́dọ̀ jinná títí dé inú, èyí tó túmọ̀ sí bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá nínú omi tó ń hó, kó sì tutù kí wọ́n tó rún un.

Mayonnaise ni wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rù bí inú bá run àwọn ọmọ. Èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ní ọtí kíkan nínú, kòkòrò kì í sì rí ibẹ̀ gbé bọ̀rọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe oúnjẹ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus máa ń gbé inú imú àti ojú egbò, ó sì ń tú májèlé sínú oúnjẹ tó bá pẹ́ nínú ooru. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà. Nítorí náà, ọṣẹ àti omi ṣáájú, kí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Oúnjẹ bí ẹyin, ẹja àti ẹran kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ níta fíríìjì. Bí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, wákàtí kan péré ni. Níbi tí iná ọba kò bá ṣeé fọkàn tán, kúlà tí wọ́n kó yìnyín dí sí ni ọ̀nà àbáyọ. Kí wọ́n fi ọ̀rá tó mọ́ wé sáńwíìṣì kí omi yìnyín má bàa kàn án. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé e lé orí ìrẹsì gbígbóná nínú kúlà kan náà, torí pé àyè kò sí nínú ọkọ̀. Kò sí ibi tó tẹ́ kòkòrò lọ́rùn bíi ibẹ̀.

Ó tún yẹ kí iléèwé béèrè lọ́wọ́ òbí ṣáájú ọjọ́ náà. Ọmọ kan wà tí ẹ̀pà díẹ̀ lè mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wú títí èémí yóò fi fẹ́ já. Òmíràn wà tí ẹyin tàbí ẹja kò bá lára mu. Ọmọ Mùsùlùmí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ìjọ Adventist, ó sì máa ń wà nínú sọ́séèjì mìíràn láì jẹ́ pé ẹni tó rà á mọ̀. Kíka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ayẹyẹ, ààtàn ló yẹ ẹ́, kì í ṣe inú báàgì ọmọ.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi tó ń jáde lára rẹ̀ ni kí wọ́n máa dá padà. Ìyẹ̀fun ORS wà ní ilé ìtajà oògùn. Bí kò bá sí, kí wọ́n po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí wọ́n gé ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, mọ́ lítà kan omi tó mọ́, kí wọ́n máa fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀ mọ́, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tàbí tí kò lè gbé omi mì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tó jẹ àti aago tó jẹ ẹ́ fún dókítà.