Ọ̀yọ́-Ilé: Olú-Ìlú Tó Di Igbó Ọba

Nínú ìdánwò kan ní kíláàsì wa, wọ́n ní kí á tọ́ka sí olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́ lórí máàpù. Ìlú Ọ̀yọ́ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fi ìka lé, mo sì gba òdo. Bí mo ṣe délé ni mo sọ ọ́ fún ìyá kan, ọmọ Ìgbẹ́tì, tó ń ta ata nítòsí wa ní Ararọ̀mí-Obu. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, Ọ̀yọ́ tuntun nìyẹn. Ọ̀yọ́ gan-an ti di igbó.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, wà ní ohun tó lé ní 100 kìlómítà sí àríwá Ọ̀yọ́ òde òní, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìtàn wa sọ pé Ọ̀rànmíyàn ló tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton débẹ̀ ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi alámọ̀ ìlú náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà yí i ká, pé ẹnu-bodè rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, àti pé àyíká odi náà tó máìlì 15. Ẹni tó bá fi òwúrọ̀ kùtù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí i ká, ọ̀sán á ti pọ́n kó tó padà síbi tó ti gbéra. Síbẹ̀, kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú yìí fi dahoro.

Ẹṣin ló gbé Ọ̀yọ́ ga. Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà wọ́n wá, ilẹ̀ ọ̀dàn sì gba eré ẹṣin. Àwọn ẹlẹ́ṣin yìí ló ja Dàhómì títí ìyẹn fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ igbó kìjikìji bíi tiwa níhìn-ín, igi kì í jẹ́ kí ẹṣin ráyè sáré, eṣinṣin inú igbó a sì máa kó àrùn tó ń pa wọ́n ràn wọ́n. Bí àwọn ará ibòmíràn bá gbọ́ orúkọ Ọ̀rẹ̀, ogun 1967 ni wọ́n máa ń rántí. Èmi ti fi kún un báyìí pé igbó wa kì í ṣe ibi tí ẹṣin Ọ̀yọ́ ti lè ṣe bó ṣe wù ú.

Ta ló wá fọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ wa á dáhùn pé àwọn Fúlàní ni. Èmi rò pé ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ló ní àṣẹ láti kọ Aláàfin tó bá ń ṣi agbára lò. Bí igbá òfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ bá ti dé iwájú ọba, ikú ló kù fún un. Ètò tó dára ni, bí ẹni tó mú un dání bá jẹ́ olóòótọ́. Baṣọ̀run Gáà sọ ọ́ di idà tirẹ̀, ọba lẹ́yìn ọba ló kú lọ́wọ́ rẹ̀, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Lẹ́yìn Abíọ́dún, Awólẹ̀ jọba, òun àti Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, sì di ọ̀tá. Ìtàn sọ pé kí Awólẹ̀ tó kú, ó ta ọfà, ó sì fi àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ gégùn-ún pé ibi tí ọfà náà bá kọjú sí ni kí wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ. Ní 1817, Ìlọrin ya kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1821, wọ́n kó Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú, ẹni tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọ̀yọ́ tó ti ń ta ẹrú fún òyìnbó tipẹ́, àwọn ọmọ tirẹ̀ ló wá ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibí yìí ló dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn náà. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú sógun Ẹlẹ́dùwẹ̀, ìlú tú. Àtìbà jọba ní Àgọ́-Ọ̀jà, ó sì sọ ibẹ̀ di Ọ̀yọ́ tuntun.

Àwọn tó sá kò lè gbé odi dání, àmọ́ wọ́n gbé orúkọ. Ọjà Akẹ̀ṣán bá wọn dé Ọ̀yọ́ tuntun. Ó jóná ní 2020, wọ́n sì tún un kọ́. Ṣàngó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Brazil àti Kúbà. Ní 1970, àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà dá abúlé kan sílẹ̀ ní South Carolina, wọ́n pè é ní Ọ̀yọ́túnjí. Ní 2023, UNESCO kọ ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ sínú àkójọ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wa tọ́jú.

Ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹranko kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ fa àlejò lọ síbẹ̀. Àwókù odi yẹn ni, àti àpáàdì tó wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí àwọn onílé ti jáde. Ó yẹ kí ọ̀nà tó dára àti ààbò wà, kí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé láti Ọ̀rẹ̀ lè débẹ̀, kí olùkọ́ dúró lórí òkìtì odi, kó sì ní, “Ẹnu-bodè nìyí.”

Ọdẹ ni bàbá ìyá aláta wa. Wọ́n ní bí bàbá àwọn bá ń lọ sí ìhà ibẹ̀, kì í sọ pé òun ń lọ sígbó, á ní òun ń lọ sílé. Mo bi wọ́n bóyá àwọn náà ti débẹ̀ rí. Wọ́n ní rárá, wọ́n sì ń wọn ata lọ.