Fèrè Orlando Julius àti Ìtàn Orin Wa
Fela ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn Afrobeat. N kò fi oyè Fela dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọdún. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a bí Orlando Julius sí ní 1943. Ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ní Ìbàdàn ni ó ti fi fèrè sáksófóònù da híláìfù pọ̀ mọ́ orin sóòlù àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà. Àwo rẹ̀, Super Afro Soul, jáde ní 1966. Ní 1968 ni Fela tó sọ orin tirẹ̀ ní Afrobeat. Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ni ó sì ń fọn nígbà náà. Ó di 1973 kí ó tó gbé sáksófóònù. Orlando kọjá sí Amẹ́ríkà ní 1974, àwa òǹkọ̀wé ilé sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tún àwo náà gbé jáde ní 2000. Orlando ṣaláìsí ní 2022.