Nígbà tí Fáìlì Ńlá Kò Lọ: Àìdọ́gba Ìwọ̀n Ìdì Ìsọfúnni láàárín Switch àti Router

Malu Road ni ó so Àpápá pọ̀ mọ́ Ajégúnlẹ̀. Ní agbègbè yìí, iṣẹ́ àwọn tí ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, iṣẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ti àwọn oníṣòwò kéékèèké kò ṣeé yà kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Bí ìwé kan bá há sójú ọ̀nà, ẹrù yóò dúró ní èbúté, owó ìdádúró yóò sì máa gorí owó. A ṣe àlàyé yìí fún àwọn tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ àbùkù kan tí ó máa ń fara pamọ́.

Àmì rẹ̀ nìyí: íntánẹ́ẹ̀tì wà, ọ̀rọ̀ kúkúrú ń lọ, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá kì í dé ibi tí à ń rán an. Ojú òpó kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kí ó má sì parí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a ra dátà kún dátà, ẹlòmíràn a sì pààrọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò ẹ̀rọ ni ó lè jẹ́ ìdí rẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní MTU

Fáìlì kì í rìn lórí wáyà ní odidi. Kọ̀ǹpútà a gé e sí wẹ́wẹ́, a di ìkọ̀ọ̀kan ní ìdì, a sì kọ àdírẹ́sì sí i lára. Ìwọ̀n tí ìdì kan kò gbọdọ̀ kọjá lórí ọ̀nà kan ni MTU. Lórí wáyà Ethernet tí ó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́fíìsì, báìtì 1,500 ni ìwọ̀n náà, láti ọdún 1980 tí ilé-iṣẹ́ DEC, Intel àti Xerox ti gbé ìlànà Ethernet jáde.

Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá yóò tètè rí ohun tí a ń wí. Kọ̀ǹténà tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9 àti ààbọ̀ kò lè gba ibi tí a ṣe fún èyí tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8 àti ààbọ̀, ì báà jẹ́ òwú ni ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe yá tó ni ọ̀ràn, bí kò ṣe bí ó ṣe fẹ̀ tó.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì

Router a máa ka àdírẹ́sì IP. Bí ìdì kan bá tóbi ju ọ̀nà tí ó kàn lọ, router lè tún un gé lábẹ́ ìlànà IPv4, àfi bí a bá ti kọ ọ́ sí i lára pé kí a má ṣe gé e. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, router yóò sọ ìdì náà nù, yóò sì fi ìròyìn ICMP ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tí ó fi í ránṣẹ́, kí ó lè dín ìwọ̀n kù. Lábẹ́ ìlànà IPv6, router kì í gé ìdì rárá. Ìròyìn nìkan ni ó ń dá padà.

Switch kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í gé ìdì, kì í sì í ránṣẹ́ padà. Èyí tí ó bá ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ, a sọ ọ́ nù láìfọhùn. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó mú kí àbùkù náà ṣòro láti rí.

Àwọn ohun tí ó sábà máa ń fà á

• Ìsopọ̀ PPPoE ń gba báìtì 8 lára ìdì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 1,492 ni ó ń ṣẹ́kù. Ọ̀nà GRE tí a fi so ọ́fíìsì méjì pọ̀ ń gba 24, èyí tí ó fi 1,476 sílẹ̀. Ọ̀nà VPN lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.
• Àmì VLAN ń fi báìtì 4 kún un. Férémù Ethernet tí ó jẹ́ 1,518 yóò di 1,522, switch àtijọ́ sì lè kọ̀ ọ́.
• A lè gbé router tàbí kọ̀ǹpútà ńlá sí 9,000, kí a sì gbàgbé switch tí ó wà láàárín.
• Ẹ̀rọ ààbò firewall lè dí gbogbo ICMP. Nígbà náà, ìròyìn tí router fi ránṣẹ́ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó nílò rẹ̀.
• Olùṣe ẹ̀rọ kan kì í ka ìwọ̀n bí èkejì. Níbi tí Cisco IOS bá kọ 1,500, Juniper lè kọ 1,514 fún ọ̀nà kan náà, nítorí pé ó ka báìtì 14 ti àkọlé Ethernet mọ́ ọn.

Bí a ṣe ń wádìí rẹ̀

1. Lórí Windows, ẹ tẹ ping -f -l 1472, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì router yín tẹ̀ lé e. Lórí Linux, ẹ tẹ ping -M do -s 1472. Àkọlé ìdì náà ń gba báìtì 28, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,500.
2. Bí èyí bá kọjá, ẹ dán an wò sí ẹ̀rọ tí ó wà ní òdìkejì, bí i router ọ́fíìsì yín kejì tàbí ti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín.
3. Bí kò bá kọjá, ẹ dín nọ́ńbà náà kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ. Ẹ fi 28 kún èyí tí ó lọ. Ìyẹn ni ìwọ̀n ọ̀nà náà. Bí 1,464 bá ni ó lọ, 1,492 ni ọ̀nà yín.
4. Ẹ kíyè sí irú èsì tí ó wá. Bí ẹ̀rọ bá dáhùn pé ìdì náà nílò gígé, router kan tàbí kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdì kékeré bá ń lọ, tí ìdì ńlá sì ń sọnù láìsí èsì kankan, ẹ fura sí switch tàbí firewall.
5. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ojú ihò kọ̀ọ̀kan lórí switch. Bí iye tí ó wà níwájú giants tàbí oversize bá ń pọ̀ sí i bí ẹ ti ń dán an wò, ẹ ti rí ibi tí ó ti ń sọnù.
6. Níbi tí àwọn router bá ń lo OSPF, tí wọ́n sì dúró sójú kan ní ipele ExStart, àìdọ́gba MTU ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Àtúnṣe

Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n dọ́gba ní ìhà méjèèjì wáyà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n tí switch lè gbà lè ju ti router lọ láìsí ewu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i. Fún ọ́fíìsì kékeré, 1,500 tó. A kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí wọ́n lo 9,000.

Níbi tí ọ̀nà ìta bá jẹ́ 1,492, ẹ kọ iye náà sí router, kí ẹ sì fi ìwọ̀n TCP MSS sí 1,452 fún IPv4. Lórí firewall, ẹ gba ìròyìn ICMP tí ń sọ pé ìdì tóbi jù láàyè. Kò yẹ kí a dí gbogbo ICMP nítorí ààbò. Bákan náà, àṣẹ tí ń mú kí OSPF fojú fo MTU kò wo àbùkù náà sàn. Ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Bí àbùkù bá wà ní ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kọ ọjọ́, àdírẹ́sì tí ẹ dán wò, nọ́ńbà tí ó lọ àti èyí tí kò lọ sílẹ̀, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀sùn tí ó ní nọ́ńbà nínú ṣòro láti dá padà pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ sì tún un tàn. Bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, ẹ lè gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ Àjọ tí ń ṣàkóso Ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, lórí nọ́ńbà 622. Kí ẹ tó náwó sórí dátà tàbí ẹ̀rọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà yín.