Iná inú búkà: láti orí fìtílà elépo dé LED

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ, ẹ dúró ná. Kẹ́ ẹ tó ra gílóòbù funfun báláú yẹn, ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kan fún yín. 🧵

Kí iná mànàmáná tó dé ni ọjà alẹ́ ti wà nílẹ̀ Yorùbá, fìtílà sì ni wọ́n fi ń ná an. Àwo amọ̀ kékeré, epo pupa tàbí àdín nínú ẹ̀, òwú lílọ́ tó yọrí síta, ó parí. (Ọ̀rọ̀ "fìtílà" fúnra ẹ̀ ti rìn jìnnà: láti èdè Lárúbáwá, níbi tó ti túmọ̀ sí òwú àtùpà, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá bá wa.)

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí: fìtílà kan, ìyá olóúnjẹ kan. Iná yẹn ò tàn dé òpópónà. Orí igbá oúnjẹ àti ojú ẹni tó ń tà á ló mọ. Téèyàn bá ń bọ̀ lókèèrè, àkàrà ló máa kọ́kọ́ rí.

Ní 1952, Richard Kelly, ará Amẹ́ríkà tó ń fi iná ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 3. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń fa ojú lọ síbi kan ṣoṣo. Òun náà ló ṣe iná Four Seasons, ilé oúnjẹ olówó ńlá tó ṣí ní New York ní 1959. Ó dáa o. Àmọ́ ìyá alákàrà ti ń ṣe é tipẹ́.

Epo òyìnbó àti àtùpà onígíláàsì ló tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ò rí i pa mọ́, àwọ̀ iná ṣì pọ́n díẹ̀.

Edison gbé gílóòbù tiẹ̀ jáde ní 1879. Ní 1896, iná mànàmáná ti dé Èkó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ olóúnjẹ ló kọ́kọ́ yà. ECN dé ní 1950, NEPA ní 1972, ẹ sì mọ ìyókù. "Up NEPA!"

Gílóòbù 60 watts àtijọ́ rẹwà, àmọ́ ó lé ní ìdá 90 nínú 100 iná tó ń jẹ tó ń di ooru. Mẹ́wàá ẹ̀ jẹ́ 600 watts. Ẹ gbé ìyẹn lé jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour", fíríìjì máa sunkún. LED 9 watts mẹ́wàá? 90 péré, ìmọ́lẹ̀ kan náà. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyàtọ̀ yẹn lè gbé ṣọ́ọ̀bù ró tàbí kó tì í pa.

Àwọn 3 tí wọ́n bí ní Japan, Akasaki, Amano àti Nakamura, ló ṣe LED aláwọ̀ búlúù tó jẹ́ ká rí funfun. Wọ́n gba Nobel fún un ní 2014.

Wàhálà wá ni pé 6500K, funfun bí ti ilé ìwòsàn, ló kún ọjà. Lábẹ́ ẹ̀, dòdò á dà bí ohun tó ti sùn mọ́jú, ojú oníbàárà á rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí: 2700K tàbí 3000K lẹ ń wá. Watts kan náà, àwọ̀ fìtílà. Ẹ so ó sílẹ̀ díẹ̀ lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ara ògiri sílẹ̀ kó ṣú díẹ̀.

Ti ibi ìdáná nìkan ni kẹ́ ẹ fi funfun sí. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà gbọ́dọ̀ rí òkúta.