Akeem Tàbí Hakeem: Ìtàn Ọlájùwọ́n Lórí Pápá àti Lẹ́yìn Pápá

Ní Al Majaz, ní Sharjah, nítòsí ọ̀sà Khalid, àwa ọmọ Èkó díẹ̀ máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, ibẹ̀ kì í sì í pẹ́ gbóná. Lọ́jọ́ kan, orí Ọlájùwọ́n ni ọ̀rọ̀ já lé. Ẹnì kan ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kọ́kọ́ ta bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹlòmíì ní ó ti pé mẹ́tàdínlógún. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà méje ló ga, èkejì ní irọ́ gbuu ni. Ará Jọ́dánì tó ń gẹrun fún wa ní tòun, òun kò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ohun tóun mọ̀ ni pé ọkùnrin gíga kan láti Amẹ́ríkà wá gbé ní Amman, ó ń kọ́ èdè Lárúbáwá. Mo lọ ka àwọn ìwé, wọn kò bára mu. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó ṣa èyí jọ.

Ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Salim àti Àbíkẹ́ ni òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yanjú, torí àwọn ará òkèèrè ti ṣe é ṣìbáṣìbo. Wọ́n ní ìtumọ̀ Ọlájùwọ́n ni ẹni tó ń wà lókè nígbà gbogbo. Mi ò mọ Yorùbá tó máa gbọ́ orúkọ yẹn tó máa túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlá jù wọ́n ni: ọlá ilé yìí ju ti àwọn tó ń wò wá níran lọ. Ní ti Akeem, Èkó ló bí i. Ẹnu wa kì í sábà gba H tó wà níwájú orúkọ Lárúbáwá, bí a sì ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́. Títí dòní, Akeem kún àdúgbò. Akeem ló ń jẹ́ ní yunifásítì, òun náà ló sì ń jẹ́ fún bí ọdún méje nínú NBA. Ní oṣù Kẹta ọdún 1991 ló ní kí wọ́n máa fi H sí i. Àwọn ìwé kan kọ ọ́ pé ó yí orúkọ padà. Òun fúnra rẹ̀ ní òun kò yí nǹkan kan padà, òun kàn tún un kọ bó ṣe yẹ ni. Tirẹ̀ ni mo gbà: Hakeem náà ni ìyá rẹ̀ ń pè látilẹ̀, bí H bá tilẹ̀ gbé sọnù lẹ́nu.

Ilé ẹ̀kọ́ Muslim Teachers College ló lọ ní Èkó. Aṣọ́lé ni lórí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì tún ń ta bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Ní ti ọjọ́ orí tó ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀ alájùsáwọ̀n, ìwé kan ní 15, òmíràn ní 17. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan tí à ń jà sí, nítorí pé ní ọdún 1980 ó ti wà ní Houston. Èyí tó wúwo ni pé àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó lọ bá níbẹ̀ ti ń ju bọ́ọ̀lù láti kékeré. Wọ́n ní kóòṣì kan ní Nàìjíríà gun àga láti fi bí wọ́n ṣe ń ki bọ́ọ̀lù bọ àwọ̀n hàn án, ni òun náà bá lọ gun àga. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kẹ́ ẹ wo ohun tí aṣọ́lé gbé wá: ẹsẹ̀ tó yára yí, ojú tó ń ka ibi tí bọ́ọ̀lù fẹ́ gbà, ọwọ́ tó ń dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bó ṣe ń fi èjìká tan alátakò lọ sọ́tùn-ún kó tó ṣẹ́rí sósì, tí àwọn Amẹ́ríkà sọ ní Dream Shake, orí pápá Èkó ló ti ń bọ̀.

Wọ́n ní New York ló kọ́kọ́ sọ̀ sí, pé òtútù ibẹ̀ ló lé e dé Houston. Ìtàn náà dùn jù fún mi láti gbà á tán. Èyí tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé nígbà tó dé pápákọ̀ òfuurufú Houston, kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀. Ó pe yunifásítì Houston lórí fóònù, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Guy Lewis ni kóòṣì níbẹ̀. Wọn kò fi í sí ìdíje lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone, tó wà lára àwọn àgbà òṣèré NBA, ta bọ́ọ̀lù ní gbọ̀ngàn Fonde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lù ú dàgbà. Ọdún mẹ́ta léra ni yunifásítì náà wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì, 1982, 1983 àti 1984, pẹ̀lú Clyde Drexler ní méjì àkọ́kọ́, wọn kò sì gbé ife ẹyọ kan. Ní 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 borí wọn ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, síbẹ̀ Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní oyè òṣèré tó ta yọ jù. Láti ìgbà náà, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù kò tíì gba oyè yẹn mọ́. Ní 1984, Georgetown tí Patrick Ewing wà nínú rẹ̀ borí wọn.

Oṣù Kẹfà ọdún 1984, Houston Rockets ló kọ́kọ́ mú un, ṣáájú gbogbo ẹni tó wọ NBA lọ́dún yẹn. Michael Jordan ni ẹnì kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ Jordan ni wọn ì bá mú, kó lọ bá àwọn ará Portland jà, àwọn tó mú Sam Bowie ní ipò kejì. Ní 1986, òun àti Ralph Sampson gbé Rockets dé àṣekágbá, Boston sì borí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé púpọ̀ ń sáré fò kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1990, ó jẹ àmì 18 lójú Milwaukee, ó gba bọ́ọ̀lù àtapadà 16, ó fi bọ́ọ̀lù fún ẹlẹgbẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì gbá ti alátakò dànù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹni mẹ́rin péré ni NBA kọ sílẹ̀ pé wọ́n ṣe irú rẹ̀, kí oríṣi mẹ́rin pé mẹ́wàá nínú eré kan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kan náà, pẹ̀lú Golden State, ó ti kọ́kọ́ ṣe é: 29, 18, 10, 11. NBA wo fídíò, wọ́n ní mẹ́sàn-án ni ti ẹlẹgbẹ́ jẹ, kì í ṣe mẹ́wàá, wọ́n sì pa á rẹ́. Bí ẹ bá rí ìwé tó ní ẹ̀ẹ̀mejì, ibẹ̀ ló ti rí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni àkọsílẹ̀ gbà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo kọ, inú mi ò sì dùn sí i.

Ní 1992, òun àti àwọn olówó Rockets fẹ́ pínyà. Wọ́n rò pé kò dùn ún tó bó ṣe wí nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ já a kulẹ̀, ó sì ní kí wọ́n tà á. Inú ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé wọn lọ sí Japan ni wọ́n ti parí ìjà náà.

Lẹ́yìn náà ni ọdún méjì tí kò sí irú rẹ̀. Ní 1994 ó gba oyè òṣèré tó níyì jù, ti ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù, àti ti òṣèré tó ta yọ ní àṣekágbá, nínú sáà kan ṣoṣo. Kò sí ẹlòmíì tó ti ṣe é. New York Knicks, tí Ewing náà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n bá fa á di eré keje. Lálẹ́ eré karùn-ún, àwọn tẹlifíṣọ̀n ń pín àwòrán sí méjì nítorí ọlọ́pàá ń lé O. J. Simpson lójú pópó. Ní eré kẹfà, tí Houston fi àmì méjì ṣíwájú, John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti fi mẹ́ta parí ọ̀rọ̀. Ìka Ọlájùwọ́n kàn án, bọ́ọ̀lù kò dé àwọ̀n, ó di 86 sí 84. Ní eré keje, 90 sí 84. Lọ́dún 1995, ipò kẹfà ni Rockets wà ní ìhà Ìwọ̀ Oòrùn, Drexler ti padà wá bá a, wọ́n borí Utah, wọ́n borí Phoenix, wọ́n sì bá San Antonio pàdé. David Robinson ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní oyè òṣèré tó níyì jù. Ọlájùwọ́n jẹ ìpíndọ́gba àmì 35.3 lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fọ Orlando Magic ti Shaquille O'Neal ní 4 sí 0. Ní ti àwọn tó ń wí pé torí Jordan ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nígbà náà ni, Jordan ti padà ní oṣù Kẹta 1995, Orlando yẹn náà ló lé e sílé.

Àwa tó ń gbààwẹ̀ nínú ooru Sharjah ló yẹ ká mọ rírì èyí. Oṣù Ramadan 1995 bọ́ sí oṣù Kejì, àárín sáà bọ́ọ̀lù. Ó gbààwẹ̀, kò fi eré ọ̀sán sílẹ̀, òun sì ni NBA fún ní oyè òṣèré oṣù náà.

Lẹ́yìn pápá, ẹ̀sìn ló darí òwò rẹ̀. Kì í yá owó elélé. Owó ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ra ilé àti ilẹ̀ ní Houston, ó sì ti inú rẹ̀ lówó gidi. Ilé báǹkì àtijọ́ kan ní àárín ìlú ló sọ di mọ́sálásí, Islamic Da'wah Center. Nígbà tí bàtà àwọn òṣèré ń wọ́n bí ojú, ó bá Spalding ṣe èyí tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ kéré, kí ọmọ tálákà lè rí i rà.

Ní 1993 ó di ọmọ Amẹ́ríkà, ó sì gba wúrà Òlíḿpíìkì fún wọn ní Atlanta ní 1996, lẹ́yìn tí FIBA, àjọ alájùsáwọ̀n àgbáyé, gbà á láàyè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ta bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà nígbà èwe. Àwọn kan ṣì ń bínú sí i nítorí ìyẹn ní Èkó. Ìbínú wọn ni.

Ó lo sáà kan ní Toronto, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 2002, pẹ̀lú àmì 26,946 àti bọ́ọ̀lù alátakò 3,830 tó gbá dànù, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá nínú NBA. Ní ti gíga, òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun kò pé ẹsẹ̀ bàtà méje tí wọ́n ń kọ. Íǹṣì bíi méjì ló kù. Ó lọ gbé ní Amman fún ẹ̀kọ́. Ará Jọ́dánì wa kò purọ́. Kobe Bryant àti LeBron James wá kọ́ ìyírapadà ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé Akọni Naismith gbà á ní 2008, ti FIBA ní 2016. Ní 2015, ó tún wọ pápá fún ìgbà díẹ̀ ní Johannesburg nígbà tí NBA kọ́kọ́ ṣe eré ní Áfíríkà. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022, ife ẹni tó mọ ilé ṣọ́ jù ní NBA ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Hakeem ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú H.