Owó Ìtọ́jú Láàrin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Onílé ní Maharashtra

Owó ìtọ́jú ni owó tí àwọn tó ni fúláàtì nínú ilé alájà púpọ̀ ń dá jọ láti fi bójú tó ohun tó jẹ́ ti gbogbo wọn: ẹnu géètì, àtẹ̀gùn, táǹkì omi, òrùlé, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè. Ní ìpínlẹ̀ Maharashtra lórílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí ìlú Mumbai wà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù onílé ló sábà máa ń gbà á. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Saraswat sílẹ̀ ní àdúgbò Gamdevi ní Mumbai. Òfin alájẹṣẹ́kù ọdún 1960 ló de gbogbo wọn, ìjọba sì ṣe àwòkọ́ṣe ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kò fara sin. Oníyàrá kan ní kí oníyàrá mẹ́rin san ju òun lọ. Oníyàrá mẹ́rin ní ọlọ́dẹ kan náà ló ń ṣọ́ àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n tó wà nínú ìlànà Maharashtra ni pé kò ka owó ìtọ́jú sí owó kan ṣoṣo: ìnáwó kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń pín in.

Owó oṣù ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀, iná àtẹ̀gùn, owó ọ́fíìsì àti ti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò, ọgbọọgba ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san án. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń fi fífẹ̀ fúláàtì pín in tẹ́lẹ̀, kí ìjọba tó pàṣẹ ní oṣù kẹrin ọdún 2000 pé kí iye rẹ̀ dọ́gba. Ilé Ẹjọ́ Gíga Bombay fọwọ́ sí ọgbọọgba yìí nínú ẹjọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù onílé kan tó ń jẹ́ Venus. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí agbálẹ̀ kì í gbá àtẹ̀gùn ní ìlọ́po mẹ́rin fún oníyàrá mẹ́rin. Ti ẹ̀rọ agbéniròkè ló le díẹ̀: gbogbo ará ilé tí ẹ̀rọ náà wà ló ń san owó rẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba, ì báà jẹ́ ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá tí kì í wọ̀ ọ́.

Iye ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà nínú fúláàtì àti bí wọ́n ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń pín owó omi. Owó orí ilé sì jẹ́ iye tí ìjọba ìlú bá bù fún fúláàtì.

Nígbà tó bá kan ara ilé fúnra rẹ̀, ẹni tó ni ńlá ń san ńlá. Ìpàdé gbogbogbò ló ń fi iye owó àtúnṣe lélẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi kọ́ fúláàtì náà lọ́dún. Ká ní mílíọ̀nù 2 rúpì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó kéré tán, 15,000 rúpì ni onílé máa san lọ́dún, ìyẹn 1,250 lóṣù. Èyí tó gba mílíọ̀nù 4 máa san ìlọ́po méjì. Owó ìpamọ́ tún wà, ó kéré tán ìdá 0.25, tí wọ́n ń tọ́jú de ọjọ́ tí ilé bá gbó tó ń fẹ́ àtúnkọ́. Ẹgbẹ́ tó bá fojú di owó kékeré yìí ń kó ìyà jọ de àwọn ọmọ rẹ̀.

Onílé tó bá fi fúláàtì rẹ̀ háyà tún máa ń san àfikún. Nígbà kan, bó ṣe wu ẹgbẹ́ ló ń bù ú. Láti ọdún 2001, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí gbogbo wọn ń san lọ́gbọọgba. Bó bá jẹ́ ọmọ tàbí òbí rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, kò san án rárá.

Kì í ṣe gbogbo ilé Mumbai ni ètò yìí kàn. Àwọn kan wà lábẹ́ òfin fúláàtì ọdún 1970, níbi tí ìpín olúkúlùkù nínú ilé ti ń pinnu ìpín rẹ̀ nínú ìnáwó, títí kan owó ọlọ́dẹ. Ó yẹ kí ẹni tó ń ra fúláàtì béèrè òfin tí ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀ kó tó sanwó, torí pé inú ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni ìpín náà wà, kò sì ṣeé yí padà láìjẹ́ pé gbogbo onílé fọwọ́ sí i.