Àsíá Nàìjíríà: Ìtàn Rẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ Tí Ó Tọ́ sí I

Kò sí ìjọba kan tí kò ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Láàárín àwọn Yorùbá, adé orí ọba, ọ̀pá àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ àti fèrè tí a ń fun níwájú rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ọba ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó bá sì fi ojú di àwọn nǹkan wọ̀nyí, ọba gan-an ni ó fi ojú di. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àsíá jẹ́ fún orílẹ̀-èdè. Aṣọ lásán ni nígbà tí ó wà lọ́wọ́ aránṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti fà á sókè lórí òpó, ó di ojú gbogbo ìlú. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ṣe ìlànà bí a ti í ta á, bí a ti í sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àti bí a ti í tọ́jú rẹ̀.

Àsíá tí Nàìjíríà ń lò lónìí kọ́ ni ó kọ́kọ́ ní. Nígbà tí Lugard so ìhà Àríwá àti ìhà Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, àsíá aláwọ̀ búlúù ni ìjọba amúnisìn ń ta. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì wà ní igun rẹ̀ lókè. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà tí ó yí adé ká sì wà ní apá kejì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa tò ní ìlà láti kí àsíá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí kan tí a bi léèrè kí a tó yan àmì wọ̀nyí.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba kéde ìdíje fún ẹni tí ó bá lè ya àsíá tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Michael Táíwò Akínkúnmi, tí a bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1936, wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ó ya àsíá onílà mẹ́ta, àwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti funfun ní àárín, ó sì fi oòrùn pupa sí inú funfun náà. Ní ọdún 1959, tirẹ̀ ni a mú nínú gbogbo èyí tí a fi ránṣẹ́. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n fi ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní 100 pọ́n-ùn. Àwọ̀ ewé dúró fún ọrọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, funfun sì dúró fún àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Ní ọ̀gànjọ́ òru tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀, a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní pápá ìṣeré ẹṣin ní Èkó, a sì fa tuntun sókè.

Nínú ọdún náà gan-an ni a ṣe òfin lórí àsíá, òfin náà sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn ta àsíá tí ó ti bàjẹ́. Òfin nìkan kọ́ ni ó wà; àṣà tí àwọn orílẹ̀-èdè mọ̀ dáadáa wà pẹ̀lú. Wọ́n ní kí a yára fa àsíá sókè bí ilẹ̀ bá mọ́, kí a sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kì í jẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Bí a bá ta á pẹ̀lú ti orílẹ̀-èdè mìíràn, òpó wọn kì í ga ju ara wọn lọ, nítorí pé orílẹ̀-èdè kan kì í ṣe ẹrú èkejì. Bí ó bá gbó, a kì í fi í nu tábìlì. Níṣe ni a ń fi ọ̀wọ̀ sun ún níkọ̀kọ̀.

Ní àkókò ọ̀fọ̀, ìdajì òpó ni àsíá ń wà, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe fún ọjọ́ méje nígbà tí Ààrẹ àná Muhammadu Buhari kú ní oṣù keje ọdún 2025. Ṣùgbọ́n a kì í fà á dúró sí ìdajì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó kọ́kọ́ fà á dé orí òpó, lẹ́yìn náà ni a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì. Nígbà tí a bá sì fẹ́ gbé e wọlé ní ìrọ̀lẹ́, a ó tún kọ́kọ́ fà á dé òkè. Ọ̀wọ̀ ni ó ń ṣíwájú, ọ̀fọ̀ ni ó ń tẹ̀lé e.

Ohun kan ya àsíá Nàìjíríà sọ́tọ̀: kò ní orí, kò sì ní ìdí. Bí a bá dojú rẹ̀ dé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe dídojúdé ni a fi ń mọ ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún un, bí kò ṣe ìdọ̀tí, yíya, àti àsíá tí òjò ń pa tọ̀sán tòru lórí òpó tí ó ti dógùn-ún. Abala 24 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé ojúṣe gbogbo ọmọ ìlú ni láti bọ̀wọ̀ fún àsíá. Àmọ́ òfin kò lè fa okùn. Ọwọ́ ìránṣẹ́ ilé-ìwé àti ọmọ kíláàsì tí a yàn fún iṣẹ́ náà ni ọ̀wọ̀ yìí wà ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìtàn ẹni tí ó ya àsíá náà sì jẹ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Akínkúnmi padà sílé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì ń gbé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé òun ni. Ilé rẹ̀ tí a kùn ní àwọ̀ ewé àti funfun ni ó ń jẹ́rìí rẹ̀. Ọdún 2014 ni a tó fún un ní oyè OFR. Ó kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2023, a kò sì sin ín títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Lójoojúmọ́ ni a ń fa iṣẹ́ rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tirẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a óò bá a pè é. Bí ó bá pè é ní pàńkàrá, wọn a bá a fi kólẹ̀. Bí àsíá ti rí náà nìyí. Àlejò tí ó bá wọ ọgbà ilé-ìwé tí ó rí àkísà lórí òpó kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè irú ojú tí àwọn onílé fi ń wo ilẹ̀ wọn. Ó ti rí ìdáhùn kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà.